Ìtẹ́ Àlápàńdẹ̀dẹ̀ Inú Yàrá Mùráínà

Nígbà tí àwọn àlápàńdẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí abẹ́ òrùlé wa ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún yìí, a ti sin Ìyá Àgbà. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ẹrẹ̀ etí kánààlì ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù dé ìwọ̀n tí ẹyẹ kékeré lè fi ẹnu bù ú, àwọn ẹyẹ náà sì ti ń lọ, wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ìrù wọn tó là bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Mo dúró sí àgbàlá, mo ń wò wọ́n. Mo kíyè sí i pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó gbójú sókè. Iṣẹ́ Ìyá Àgbà ni wíwò wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn kò sì fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Èmi kò ní ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà láti sọ láti ọjọ́ ìkómọ dé ọjọ́ ikú. Àwọn tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ wọn ti ṣáájú wọn lọ, ohun tí àwọn fúnra wọn sì sọ nípa ìgbà èwe wọn kò tó nǹkan. Ohun tí mo ní ni ìwà wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àti ohun kan tí wọ́n ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan lójú mi. Níbi tí mo bá ti ń sọ ohun tí n kò fojú ara mi rí, n ó sọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Àlímọ̀tù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Alápò ni àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọmọ ni rírán àpò tó ya ní àwọn ilé ìkẹ́rù Warehouse Road ní Àpápá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ìrẹsì, ṣúgà àti àlìkámà tó ti inú ọkọ̀ òkun wá. Ìkọ́ irin àwọn alábàárù a máa fa àpò ya, àwọn obìnrin bíi Ìyá Àgbà a sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn, wọn a pa ojú rẹ̀ dé kí ohun inú rẹ̀ tó dà tán sínú eruku. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ wọ́n, wọ́n ti fi Àpápá sílẹ̀, wọ́n ń rán àpò nínú ilé fún àwọn alágbàtà gàrí àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò yí padà. Àtàǹpàkò wọn ti le bí awọ bàtà. Ohùn wọn kò sì rọ̀ ju àtàǹpàkò náà lọ.

Wọ́n ní ìlànà kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn yẹ̀. Bí o bá rán ojú ibi tó ya dé òpin, o kò gbọdọ̀ tíì ta okùn ní kókó. O ní láti yí àpò náà dà, kí o ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí o gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí o sì wò ó bóyá ihò mìíràn wà níbi tí ìkọ́ náà ti kọ́kọ́ wọlé kó tó fà á ya. Okùn yóò máa fì lára àpò náà títí tí yíyẹ̀wò bá fi parí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn nítorí ẹ̀kọ́ mi, mo bá wọn rán ọ̀kan, mo ta á ní kókó nítorí pé ojú mi rí i pé ó ti dí. Ìyá Àgbà gba àpò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi eyín gé kókó náà, wọ́n dá a padà sórí itan mi. Wọn kò pariwo. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé: “Ta ló sọ fún ọ pé ó ti parí?”

Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ. Ìyá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, sọ fún mi pé láti ọdún tí Bàbá Àgbà ti kọ́ ilé náà ni àwọn àlápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń mọ ìtẹ́ sábẹ́ ìgbátí òrùlé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹyẹ kankan kì í sí níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ká kúrò, tí ooru mú tí páànù ilé ń dún lókè orí wa, Ìyá Àgbà a gbé àpótí ìjókòó wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn a máa rán àpò, wọn a sì máa wo ojú ọ̀run lókè àwọn táǹkì epo Kìríkìrì. Ẹyẹ tó bá kọ́kọ́ dé kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A máa fò yí ilé ká, a fi ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí ìtẹ́ èṣí ti fi àpá sílẹ̀, a tún fò lọ. Lẹ́yìn tí èkejì rẹ̀ bá dé ni wọn a tó máa bu ẹrẹ̀. Wọn a mọ ìwọ̀nba láàárọ̀, wọn a dáwọ́ dúró kó gbẹ, wọn a tún mọ ìwọ̀nba lé e lọ́jọ́ kejì. Ìyá Àgbà ló pe àkíyèsí mi sí dídúró yẹn. Wọ́n ní bí ẹyẹ náà bá kánjú, ẹrẹ̀ tútù yóò fa gbogbo iṣẹ́ náà já bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbà pé àwọn ẹyẹ kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún. N kò rí ẹ̀rí tó fi èyí múlẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní ó lè jẹ́ ọmọ wọn, ó sì lè jẹ́ ẹyẹ mìíràn tó rí àpá ìtẹ́ àtijọ́ tó sì lò ó. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ tán, wọn kò sì mú abẹ́rẹ́ kúrò lójú iṣẹ́. Ẹyẹ kan wọlé sábẹ́ òrùlé lókè orí wa ní tààrà bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. “Àjèjì a máa béèrè ọ̀nà. Ìwọ wò ó, èyí béèrè bí?”

Nítorí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni ìjà Ìyá Àgbà tó gbajúmọ̀ jù lọ ládùúgbò ṣe wáyé. Ìyá Ufuoma, obìnrin Urhobo kan tó háyà yàrá iwájú, máa ń sá aṣọ sórí okùn tó gba abẹ́ ìtẹ́ náà kọjá. Ní àárọ̀ Sátidé kan, aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì ti di alámì. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó ní òun yóò já ìtẹ́ ọ̀hún dànù. Ó ń sọ fún gbogbo àgbàlá pé: “Mama, dis your bird don spoil my cloth again o. I don tire.” Ìyá Àgbà dìde láti orí àpótí, wọ́n dúró sí àárín ìgbálẹ̀ àti ògiri. Wọn kì í fọ èdè Píjìn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayálégbé tó jáde wá wòran pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìtẹ́ náà kó yáa wá ilé mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Ìyá Ufuoma: “Ẹyẹ ò mọ aṣọ. Ìwọ lo mọ ẹyẹ, tí o wá lọ sá aṣọ sábẹ́ rẹ̀.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Ìyá Ufuoma náà sì rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Wọ́n sún okùn aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, òun ló sì mọ ohun tó pọ̀ jù lára ohun tí mo ń sọ yìí.

Mùráínà ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, àbúrò ìyá mi. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí bàájì, ọkọ̀ omi tó ń kó ẹrù, ní èbúté Kìríkìrì, lára àwọn tó ń so ẹrù mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń bá a lọ lórí omi. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kò tíì pẹ́ tó gbé Rísíkà níyàwó nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, kùrukùru sì bo ojú ọ̀sà débi pé ẹni tó wà ní èbúté kò rí òdìkejì. Àwọn tó yè nínú wọn sọ pé ọkọ̀ ńlá kan tí kò rí wọn ló gbá bàájì náà ní ẹ̀gbẹ́. Ó fì, ẹrù orí rẹ̀ yọ̀, ó sì tẹ àwọn ènìyàn lọ sínú omi. Wọ́n fa àwọn kan jáde láàyè, wọ́n sì fa àwọn kan jáde ní òkú. Mùráínà kò sí nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí nínú ti èkejì.

Àwọn òmùwẹ̀ wá a títí wọ́n fi káwọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo òkú tí omi bá gbé jáde ní agbègbè náà ni ìyá mi ń lọ wò. Ìyá mi kò tíì sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè. Àwọn kan ti wà lómi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ṣòkòtò tàbí ìgbànú nìkan ni ẹbí lè fi dá wọn mọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ìyá lè mọ àmì tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Wọ́n kọ̀. “Èmi ò ní òkú níta.”

Àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ni bàájì náà wá bá wọn kẹ́dùn, wọ́n sì gbé àpò ìrẹsì kan wá. Ìyá Ufuoma ló sọ ti ọjọ́ náà fún mi. Wọ́n gbé àpò náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ìrẹsì sì ń jò díẹ̀díẹ̀ láti igun rẹ̀. Ìyá Àgbà mú abẹ́rẹ́, wọ́n jókòó ti àpò náà, wọ́n sì rán an lójú àwọn àlejò náà láìyára, wọ́n yí i wò, wọ́n kó èyí tó ti dà sílẹ̀ padà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Àwọn àlejò rò pé wọ́n ti gba ẹ̀bùn náà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń ṣe àdúrà. Nígbà tí Ìyá Àgbà ta kókó tán, wọ́n ti àpò náà sí wọn lẹ́sẹ̀. “Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú.”

Yàrá tí Mùráínà àti Rísíkà ń gbé wà lẹ́yìn ilé. Ìyá Àgbà ní kí Rísíkà máa wá sùn lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kan ti fọ́ kí Mùráínà tó lọ, kò sì sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún náà, àwọn àlápàńdẹ̀dẹ̀ fi ìgbátí sílẹ̀, wọ́n gba ojú fèrèsé náà wọlé, wọ́n sì mọ ìtẹ́ sí igun ògiri lókè ibùsùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: yàrá tí ènìyàn kò gbé dákẹ́, kò sì sí òjò tó lè ba ẹrẹ̀ wọn jẹ́ níbẹ̀. Ìyá Àgbà kà á sí ohun mìíràn. Wọ́n gé àpò, wọ́n rán an pọ̀, wọ́n fi bo ibùsùn náà kí ìgbẹ́ ẹyẹ má bà á jẹ́, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ti ń dọ̀tí. Wọ́n sọ fún Ìyá Ufuoma pé àwọn ẹyẹ náà ń bá Mùráínà ṣọ́ yàrá ni.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ Ìyá Àgbà nígbà náà kì í ṣe yàrá nìkan. Ìgbésí ayé Rísíkà wà nínú rẹ̀. Láàárín àwa Mùsùlùmí, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú yóò ṣe tákàbà, yóò jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò ní òmìnira láti tún ayé rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin kò lè ṣe tákàbà fún ọkọ tí ìyá rẹ̀ sọ pé kò kú. Rísíkà kì í ṣe opó, kò sì ní ọkọ. Kò bímọ kan fún Mùráínà. Ààfáà wa sọ pé ẹ̀sìn ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń tú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ gba orí ìyá náà kọjá. Rísíkà fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ lọ bí ẹni tó sá. Ọwọ́ Ìyá Àgbà nìkan ni kọ́kọ́rọ́ náà wà.

Lọ́dọọdún ni àwọn mọ̀lẹ́bí ń wá bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kúrò ni wọ́n sábà máa ń wá, nítorí inú ọyẹ́ ni ọmọ náà lọ, ọdún rẹ̀ á sì ti tún yí po. Ààfáà a jókòó, a ṣàlàyé pé a lè kírun sí òkú tí a kò rí lára, pé kì í ṣe ìkà, pé àdúrà ló kù tí a lè ṣe fún un. Ìyá Àgbà a gbọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn a fún wọn ní omi mu, wọn a wá mú wọn lọ sẹ́yìn ilé kí wọ́n yọjú wo yàrá náà láti ojú fèrèsé. Lókè ibùsùn, àlápàńdẹ̀dẹ̀ á ti máa mọ ìtẹ́, tàbí kó ti máa sàba. Wọn kì í jiyàn rárá. “Ààfáà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí fò tán.” Nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá fi máa fò tán, Ìyá Àgbà ti máa ń rí ìdí mìíràn, ọyẹ́ a sì tún dé.

Rísíkà ń dàgbà sí i nínú ilé náà. Èmi àti òun kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ, Àǹtí Rísíkà ni mo sì ń pè é nítorí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò ìyá kì í kéré. Ó ń gbọ́únjẹ, ó ń pọnmi, ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún Ìyá Àgbà nígbà tí ojú wọn ń ṣú. Ọkùnrin wẹ́dà kan wà ní Amùkòkò tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ti rán ènìyàn sí ẹbí rẹ̀, ó sì ti dúró, ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ ní kó má ṣe dúró mọ́. Ìyá Àgbà gbọ́ ìròyìn náà bí gbogbo wa ti gbọ́ ọ.

Ní ọdún tó kẹ́yìn tí àwọn ẹyẹ mọ ìtẹ́ sínú yàrá náà, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Òjò ti rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Mo wà nílé nígbà ìsinmi, mo sì rí bí Ìyá Àgbà ti ń dìde lórí àpótí lọ sí ojú fèrèsé, tí wọ́n ń padà wá jókòó, tí wọ́n tún ń dìde. Nígbà tí ẹyẹ àkọ́kọ́ wọlé níkẹyìn, inú wọn dùn bíi ti ọmọdé. Wọ́n ké sí Rísíkà láti inú kíṣìnnì kó wá wò ó. Wọ́n ní: “Ìyàwó, ṣé o rí i? Wọ́n mà ti dé. Ẹni tó bá lọ a máa bọ̀.”

Rísíkà wá pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Ó wo ẹyẹ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí kò ga rárá.

“Mo rí i, Màmá. Ẹyẹ ń lọ kó tó bọ̀. Èmi kò tíì lọ rí.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó padà sínú kíṣìnnì, a sì gbọ́ tó ń pò ìyẹ̀fun náà. Ìyá Àgbà jókòó. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń wo ìtẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó mọ́. Ìtẹ́ náà ń ga sí i. Àwọn ẹyẹ mọ ọ́n yípo, wọ́n ń gbé ìyẹ́ adìyẹ wọlé láti fi tẹ́ inú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, wọ́n pe Ìyá Ufuoma, wọ́n ní kó wá bá àwọn di àga mú. Mo tẹ̀ lé wọn. Ìyá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn yàrá Mùráínà fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi. Òórùn ẹrẹ̀ àti ti ẹyẹ kún inú rẹ̀. Wọ́n gun àga náà, àgbàlagbà tí eegun orúnkún wọn ń dún, wọ́n sì gba igi gígùn tí a fi ń gbá òwú aláǹtakùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá igun ògiri ni. Ìyá Ufuoma ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó di ẹsẹ̀ wọn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé: “Mama, abeg leave am. Dem no do you anything.” Àwọn ẹyẹ méjèèjì ti wọlé, wọ́n ń fò yí orí wa ká, wọ́n ń ké.

Ìyá Àgbà kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. “Wọn ò tíì yé. Bí wọ́n bá yé, mi ò ní lè ṣe é mọ́.”

Wọ́n fi igi náà ha ògiri. Ẹrẹ̀ gbígbẹ já bọ́ sórí àpò tó bo ibùsùn, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹ́ adìyẹ sì fò káàkiri. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká àpò náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi páálí dí ojú fèrèsé. Ìgbà tí wọ́n ṣe èyí tán ni wọ́n pe Rísíkà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ògiri tó ṣófo. Wọ́n ní kó wá gba yàrá ọkọ rẹ̀, kó rán ẹnì kan lọ pe Ààfáà, nítorí Mùráínà ti kú. Rísíkà kúnlẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ìròyìn kan ni.

“Mo gbọ́,” ni èsì wọn.

Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ààfáà dé, wọ́n kírun sí Mùráínà lára, wọ́n sì ṣe fìdáù. Nígbà tí Ààfáà bi ìyá náà níwájú gbogbo ìjọ bóyá ó gbà pé Ọlọ́run ti mú ọmọ rẹ̀ lọ, Ìyá Àgbà dáhùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé àwọn gbà. Rísíkà ṣe tákàbà nínú yàrá náà gan-an. Àwọn ẹyẹ ń padà wá sídìí páálí náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n ń fi àyà gbá a. Lẹ́yìn náà, wọn kò wá mọ́. Ìyá Àgbà gbé àpótí wọn wọ inú ilé, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ògiri. Wọn kò wo ojú ọ̀run lókè Kìríkìrì mọ́ lójú mi títí wọ́n fi kú, àní lọ́dún tí àwọn ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìgbátí.

Gbogbo wa rò pé ọkàn wọn ti gbà ni. Àwọn kan tilẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n ti borí ìbànújẹ́. Òtítọ́ rẹ̀ hàn nígbà tí Rísíkà bí ọmọkùnrin fún wẹ́dà Amùkòkò náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ wá, wọ́n gbé ọmọ náà lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní bí wọ́n bá yọ̀ǹda, àwọn fẹ́ fi orúkọ Mùráínà sọ ọmọ náà kí orúkọ náà má bàa parun. Èrò rere ni. Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà, wọ́n ṣe àdúrà gígùn sí i lórí, wọ́n fẹnu kan iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà fún ìyá rẹ̀. “Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹni tó ń jẹ́ ìyẹn kò tíì sọ pé òun ò jẹ́ ẹ mọ́.”

Mo rí ojú Rísíkà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó jáde lọ sídìí kànga, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi wá mú un lọ. Ó ti yé e, ó sì yé èmi náà. Ìyá Àgbà kò gbọ́ ìròyìn kankan lọ́jọ́ tí wọ́n já ìtẹ́ náà. Wọn kò gbàgbọ́ pé ọmọ wọn ti kú lọ́jọ́ náà, wọn kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ fìdáù, wọn kò sì gbà á gbọ́ nígbà kankan lẹ́yìn ìyẹn. Obìnrin tí kì í pa ìrun wákàtí kan jẹ dúró níwájú Ọlọ́run tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á, ó sì jẹ́rìí sí ohun tó kà sí irọ́, irọ́ tó sì jẹ́ pé lójú tirẹ̀, ikú ọmọ rẹ̀ ni. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà púpọ̀, n kò sì rí bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn.

Mo bi wọ́n léèrè. Mo dúró di ọjọ́ tí a wà ní àwa méjì nìkan, mo sì bi wọ́n ní tààrà pé bí wọ́n bá mọ̀ pé Mùráínà wà láàyè, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí a kírun sí i lára. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn le bí ó ti máa ń le. “Àwọn méjì ni wọ́n há. Ọ̀kan péré ni apá mi ká láti tú sílẹ̀.”

Kò sí ìtùnú nínú àwọn ọdún wọn tó kẹ́yìn, n kò sì ní dá ìtùnú sílẹ̀ fún wọn báyìí tí wọn kò lè bá mi jiyàn. Wọn kò rán àpò mọ́. Wọ́n ń kírun pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì sọ fún Ìyá Ufuoma pé àwọn kò mọ̀ bóyá ìrun náà ń gòkè. Bí Rísíkà bá wá kí wọn, wọn a gbà á dáradára, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó dìde. Àìsàn àyà ló mú wọn lọ nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárọ̀, lọ́wọ́ ìyá mi.

Rísíkà gbọ́, ó dé láti Amùkòkò kí a tó gbé omi kaná. Ó ní òun ni yóò wẹ̀ wọ́n. Àwọn ìyá ìjọ wo ara wọn, nítorí kì í ṣe ìyàwó ilé wa mọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é. Èmi ni mo ń bu omi fún un. Ó wẹ̀ wọ́n bí wọ́n ti ń wẹ ọmọ tuntun, ó ń gbé apá wọn sókè pẹ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ wẹ àárín ìka wọn. Ó fi aṣọ funfun dì wọ́n. Kó tó bo ojú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí wọn, kò sì mọ̀ pé mo ń gbọ́ òun.

“Màmá, bí ẹ bá dé ọ̀hún tí ẹ ò bá a níbẹ̀, ẹ foríjì mí.”